Ẹni tó bá fẹ́ fi píánò jẹun, báwo ni ayé ẹ̀ ṣe máa ń rí gan-an?

IyaOnipiano:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin pé 14 lóṣù tó kọjá, àtìgbà tó ti wà lọ́mọ 6 ló ti ń tẹ píánò, àfi bó ṣe jí lọ́jọ́ kan tó ní òun ò ṣe dókítà mọ́ òun ò ṣe lọ́yà, píánò kíláásíkà lòun máa fi jẹun, irú àwọn tó máa ń dá jókòó lórí ìtàgé tí gbogbo èèyàn á dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, ṣùgbọ́n mo wo obìnrin kan tó tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan ó lé láìsí ìwé kankan níwájú ẹ̀, mo ní háà, irú orí wo nìyẹn? Ta ló tiẹ̀ ń sanwó fún wọn? Àbí ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú kọ́ńpítíṣàn nìkan ló ń rí jẹ? Ẹ sọ òótọ́ fún mi jọ̀ọ́.

OwoOsi:
Ẹ kú ilé mà. Ọdún 11 ni mo fi ṣe é kí n tó fi sílẹ̀. Ti àìwo ìwé yẹn, àwọn onípíánò bíi Clara Schumann àti Liszt ló sọ ọ́ dàṣà láyé ijọ́un, kó tó dìgbà tiwọn, ẹni tó bá tẹ orin olórin láìwòwé, wọ́n á ní ó ń ṣakọ ni. Kì í sì í ṣe orí nìkan ló ń há a o, ìka há a, etí há a, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara yín pé kí ló kàn, ìka lè dalẹ̀ yín. Ẹ lọ wo fídíò onípíánò kan, Maria João Pires, ní Amsterdam, ọ́kẹ́sítírà bẹ̀rẹ̀ konsẹ́tò Mozart kan (orin tí onípíánò àti ọ́kẹ́sítírà jọ ń ṣe), òmíràn lòun ti múra sílẹ̀! Ẹ máa rí i bójú ẹ̀ ṣe yí padà, kọ̀ndọ́kítọ̀ (kì í ṣe ti mọ́tò o 😂, ẹni tó ń darí ọ́kẹ́sítírà ni) sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó kàn án, ó tẹ̀ ẹ́.

Owó ńkọ́? Kọ́ńpítíṣàn máa ń ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, bíi ti Chopin ní Warsaw tó jẹ́ ọdún 5-5, ṣùgbọ́n tí ọdún 5 bá pé, ẹlòmíì á gbà á, ẹ̀yin á di ẹni àná. Owó kọ́ńsátì kan, ejéntì á yọ tiẹ̀, ẹ yọ ti ọkọ̀ òfuurufú, ti hòtẹ́ẹ̀lì, owó orí, ohun tó kù kì í tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tá a tún ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn akọrin. Ibẹ̀ gan-an lowó ilé ti ń jáde.

AtunPianoSe:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Onífáólìn á gbé fáólìn ẹ̀ dání, onífèrè á gbé fèrè ẹ̀, onípíánò nìkan ló ń lọ bá àjèjì níbi iṣẹ́. Kíì 88 náà ni, àmọ́ ọ̀kan á wúwo, òmíràn á máa sáré. Píánò Steinway ti kọ́ńsátì gùn ní mítà 2.74, ó tó kílò 480, ta ló fẹ́ gbé e kiri? Horowitz, gbajúmọ̀ onípíánò yẹn, gbé tiẹ̀, ṣé gbogbo wa ni Horowitz?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láago 4, aago 7 ni kọ́ńsátì. Ó jókòó, kíì kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tó ìgbà 20. Ó ní "bọ̀ọ̀dá, eléyìí ń pariwo ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ." Mo fa inú píánò jáde, mo fi abẹ́rẹ́ gún irun àgùntàn tí wọ́n fi bo orí hámà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo dá a padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ ṣé. Kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi pè é. Kílẹ̀ tó mọ́ ó ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ń lọ bá àjèjì míì.

Kodu7:
Glenn Gould, onípíánò ńlá kan, tiẹ̀ ní òun ò ṣe kọ́ńsátì mọ́ ní 1964, ọmọ ọdún 31 péré, ó wọ sítúdíò lọ, ó di gbére 😂 Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó ṣe é jàre.

IyaOnipiano:
Ẹ ṣé gan-an ni. Wákàtí mélòó ló yẹ kó máa ṣe lójúmọ́? 6 ló ń ṣe báyìí, ó tiẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ń dun òun láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní fóònù ló ń fà á.

OwoOsi:
Mà, ẹ dá a dúró lónìí, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tísà mi ìgbà yẹn ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé ó máa lọ fúnra ẹ̀. Kò lọ. Onípíánò tó ń jẹ́ Leon Fleisher ńkọ́, ní 1964 ni ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ń ká wọnú fúnra wọn, ó tó 30 ọdún kó tó rí ọwọ́ méjèèjì lò dáadáa, ní gbogbo àsìkò yẹn ó ń kọ́ àwọn èèyàn, ó sì ń tẹ orin ọwọ́ òsì, bíi èyí tí Ravel kọ fún Wittgenstein, onípíánò tógun gba apá ọ̀tún ẹ̀. Ẹ wá dókítà tó mọ ọwọ́ olórin. Wákàtí 6 ti pọ̀ jù fọ́mọ 14, 3 tọ́kàn ẹ̀ bá wà níbẹ̀ ti tó. Ìyókù, kó gbé ìwé orin lé itan kó máa kà á, láìfọwọ́ kan píánò, inú ọkọ̀ òfuurufú làwa ti máa ń ṣe é.

IyaOnipiano:
Mo ti ti píánò pa, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Àtàárọ̀ ló ti ń bínú sí mi. Ọjọ́rú la máa rí dókítà.