Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó fẹ́ wá kọ́ aró àtijọ́ nílé wa, kàm̀pálà là ń ṣe. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á fún mi.

Abẹ́òkúta ni mo wà, Ìtòkú, ibẹ̀ náà la ti ń ṣe àdìrẹ. Ìyá tó bí màmá mi ṣe é, màmá mi ń ṣe é lọ́wọ́, èmi ni mò ń bá wọn tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tó kọjá ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ Yorùbá n'Ìbàdàn yà sọ́dọ̀ wa, ó ní òun kàn fẹ́ ra yáàdì márùn-ún ni, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti jókòó ti màmá mi lórí àpótí, ó ń fi ìko di aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ń pè wọ́n ní "mọ́mì wa", àwọn ará ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìsọ̀ tì láti wá wò ó. Ọjọ́ méjì ló lò. Nígbà tó fẹ́ máa lọ ó kó owó fún màmá mi, wọ́n dá a padà, wọ́n ní látìgbà wo lọmọ ti ń sanwó kó tó jókòó ti ìyá ẹ̀.

Ó ti wá kọ̀wé sí mi báyìí pé àwọn méje àti tíṣà wọn fẹ́ wá lóṣù keje, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pé èló la máa gbà. Inú mi dùn débi pé mi ò rí oorun sùn. Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú nìyí, tíṣà yẹn ní aró àtijọ́ gan-an làwọn fẹ́ rí, ìkòkò aró, ewé èlú tí wọ́n fi ń ṣe aró, kí wọ́n fi iyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ará, kàm̀pálà là ń ṣe, àdìrẹ aró kẹ́míkà! Àbẹ́là ni, fóòmù ni, kọ́sítíìkì àti háídrò, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìkòkò aró màmá àgbà wà lẹ́yìnkùlé lóòótọ́, mẹ́ta ni, adìẹ ló ń yé sínú ọ̀kan. Mo ṣì wà ní pámárì nígbà tí wọ́n rẹ aṣọ nínú ẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má ṣèyọnu, ká fọ ìkòkò, ká da aró kẹ́míkà sínú ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀? Òun náà ló tún ní ká sọ ọ́ di fẹ́sítífà, ká tẹ bánà, ká pe ọnọ́rébù, ká rán ankò. Màmá mi ò sọ nǹkan kan ju pé ta ló máa máa dáná fún wọn.

Ṣé kí n gbà wọ́n àbí kí n ní a ò lè ṣe é? Èló ni kí n pè? Ibo ni wọ́n á sùn? Ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí ló tiẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹ má dán an wò. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ìyá kan l'Óṣogbo ló ní kó jáwọ́. Ṣé àwọn òyìnbó yẹn ò nímú ni? Aró èlú máa ń rùn, òórùn tó máa bá ẹ délé tí ọkọ ẹ á máa bi ẹ́ pé kí lo gbé wọlé. Ìdí ẹ̀ lèmi ti dàgbà. Ìyá mi á já ewé èlú, ọ̀dọ́ ewé ló dáa jù, wọ́n á gún un lódó, wọ́n á fọwọ́ lọ́ ọ róbótó róbótó, wọ́n á sá a. Wọ́n á wá kó eérú sínú ajere, wọ́n á gbé e ka ìkòkò mìíràn lórí, wọ́n á máa da omi sí i, omi tó bá ń kán tó tó tó sísàlẹ̀ yẹn ni wọ́n á fi rẹ ewé. Ó ń lọ bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó jinná, ó sì lè kọ̀ kó má jinná, wọ́n á ní inú Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, ò dùn. Aṣọ á wọlé, á jáde gba atẹ́gùn, á tún wọlé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ó máa ń rí bí ewé, ojú ẹ báyìí lá ṣe máa dúdú lọ. Ti kẹ́míkà náà máa ń yí àwọ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ òórùn ńkọ́, eérú ńkọ́, èékánná wa tó dúdú láti Kérésì dé Àjíǹde ńkọ́?

Èlú gbígbẹ ṣì wà lọ́jà bó o bá mọ ẹni tí wàá bi. Pè mí nínú inbox, mo lè fi ránṣẹ́ sí ẹ. Àti pé láti ọdún 1983 ni Màmá Nike Okundaye ti dá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ yìí sílẹ̀ níbí, tilé tòkèèrè ló ń wá kọ́ ọ, ṣé ankò ni wọ́n rán kó tó rí bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde

Ẹ má bú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jù jàre. Ìkòkò irọ́ yẹn ò dáa, mo gbà, àmọ́ ti ariwo yẹn, ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ wo ọdún Ojúde Ọba tiwa n'Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, á jáde ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú aṣọ wọn, àwọn ẹlẹ́ṣin á tẹ̀lé wọn, nígbà tí fọ́tò ti ọdún 2024 gba gbogbo ayé kan, àwọn tí ò mọ Ìjẹ̀bú Òde lórí máàpù ló ń béèrè hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ò bá polówó ọjà ẹ̀, wọ́n á kọjá lára ẹ̀ ni. Ankò ò burú o.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú

Bọ̀dá mi, ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ̀yin ń ṣe Ojúde Ọba kí kámẹ́rà tó dé, kámẹ́rà ló wá bá yín. Èmi tí mo fẹ́ fi bánà bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n á wá bá? Èèyàn mẹ́jọ ló ń bọ̀ kẹ̀.

Gáìdì Olúmọ

Ẹ gba àwọn èèyàn yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi ń rí. Bọ́ọ̀sì á dé, wọ́n á gun àpáta Olúmọ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra pure water, ó di Èkó. Wọn ò lò ju wákàtí méjì lọ. Ìtòkú nìyẹn nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn débẹ̀, wọn ò ní dé ibẹ̀, tí wọ́n bá sì dé ibẹ̀ aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà ni ẹlòmíì á tà fún wọn pé àdìrẹ ni. Ẹni tó máa sùn ọjọ́ mẹ́fà lówó ẹ̀ máa dé ọwọ́ alásè, ọlọ́kadà, onílé.

Ẹ ní kí wọ́n wọ rélùwéè láti Èkó, ẹ pàdé wọn ní ibùdókọ̀ rélùwéè Láderin, ó sàn ju kí wọ́n há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ má kó gbogbo nǹkan sọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí aró bá ń jinná, ẹ mú wọn gun Olúmọ, ẹ ṣàlàyé bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá abẹ́ àpáta yẹn nígbà ogun, pé ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, kó wọn dé. Lọ́jọ́ kejì ẹ lọ s'Áké. Èdè ni wọ́n ń kọ́ àbí? Abẹ́òkúta yìí ni Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde lọ́dún 1859, ìwé ìròhìn Yorùbá àkọ́kọ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó sunkún níbẹ̀, ẹ̀yin á ní mò ń parọ́. Owó tí àwọn ọmọ àdúgbò á máa béèrè, ẹ lọ bá baálẹ̀ ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á dí ọ̀nà.

Tíṣà Yorùbá l'Amẹ́ríkà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà máa ń kó ọmọ wálé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Yunifásítì ò lè sanwó fún nǹkan tí kò sí nínú ìwé. Ẹ kọ ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ohun tí wọ́n á ṣe láàárọ̀, ohun tí wọ́n á jẹ, ibi tí wọ́n á sùn, ẹ sì ní rìsíìtì. Wọ́n á béèrè lẹ́tà ìpè fún físà. Wọ́n á béèrè ṣáláńgá, má bínú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Kọ́sítíìkì máa ń jóni, ẹ ra ìbọ̀wọ́ àti ohun ìbòmú, bí ọmọ kan bá fi ọwọ́ jóná ètò yẹn ti tán nìyẹn.

Ti owó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tẹ́ ẹ rò pé òyìnbó ní. Ẹ bi màmá pé èló ni wọ́n ń pa lọ́sẹ̀ kan tí wọn ò bá jókòó ti ẹnikẹ́ni, ẹ fi ti èlú, aṣọ funfun, alásè, bẹ́ntiróò lé e, kẹ́ ẹ wá fi owó ẹ̀kọ́ sí i, ẹ pín in sí mẹ́jọ. Kí màmá gba tiwọn lọ́wọ́ ara wọn. Mo ti rí ibi tí ìyá arúgbó ń kọ́ni látàárọ̀ dalẹ́ tí ọmọ kó owó jẹ.

Ti ìkòkò, ẹ kọ̀wé sí tíṣà wọn lónìí pé kàm̀pálà lẹ̀ ń ṣe, àti ìdí. Ìdí yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí mo lè torí ẹ̀ kó ọmọ wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjà kẹ́míkà yìí ti pẹ́ l'Ábẹ́òkúta? Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, pé ó ń ba orúkọ àdìrẹ jẹ́. Àwọn ìyá aláró ní àwọn ò gbà, pé iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ gígùn làwọn wá ń ṣe kíákíá, wọ́n gbógun tì í, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ìjọba òyìnbó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ fún lọ́dún 1936. Bọ́kẹ́ẹ̀tì màmá yín náà ti di ara ìtàn yẹn. Ẹ fi han wọ́n lójú ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ìkòkò èlú kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ojúlówó, kí wọ́n fojú ara wọn rí ìyàtọ̀.

Ọmọ Lísàbí, Peckham

Èmi ọmọ Ẹ̀gbá tí mi ò mọ aṣọ í dì, ṣé mo lè bá wọn wá? Ẹ má gbowó òyìnbó lọ́wọ́ mi o, ẹ̀yìn ilé yín ni wọ́n ti bí bàbá mi.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín, ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà sétí màmá mi, ti Aláké yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá àwọn máa ń kọrin bú ẹnì kan tí wọ́n bá ń po aró, pé àwọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bú. Wọn ò rántí orin yẹn tán. Wọ́n ṣáà dìde, wọ́n lọ lé adìẹ kúrò nínú ìkòkò, wọ́n fi ìka kàn án yí po, ó dún gbì, wọ́n ní ó ti sán. Èkejì dún gooro. Òun ni wọ́n ti bu omi sí láti àná láti mọ̀ bóyá ó ń jò.

Mo ti kọ̀wé sí tíṣà wọn bẹ́ ẹ ṣe wí. Ó fèsì láàárín wákàtí kan pé méjèèjì làwọn fẹ́, pé kí màmá fúnra wọn sọ ìtàn bí wọ́n ṣe fi èlú sílẹ̀, lédè Yorùbá, kí àwọn ọmọ túmọ̀ ẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo ti wà nínú inbox yín mà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ̀rọ̀ ankò, mo ní kó lọ wá jẹnẹrétọ̀ àti ibùsùn mẹ́jọ, ìyẹn náà fẹ́sítífà ni.

Ẹ̀kọ tí wọ́n á fi ya aṣọ, màmá ní láfún àti álọ́ọ̀mù làwọn máa lò, wọ́n ti ra láfún pọ̀. Wọ́n ní kí n bi yín, èyí tí álọ́ọ̀mù ò bá tíì kàn, ṣé òyìnbó lè fi jẹ ewédú?

Tíṣà Yorùbá l'Amẹ́ríkà

Wọ́n á jẹ ẹ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí àwo méjèèjì pàdé.