Skáànù ní ọ̀sẹ̀ 6, ọkọ mi ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ nílé

Ìyàwó Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Orí omi, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 4 rèé tó dé. Nǹkan oṣù mi wá ní bí ọ̀sẹ̀ 2 kó tó wọlé. Àná ni mo ṣe skáànù, wọ́n kọ ọ́ síwèé pé oyún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin rí ìwé náà lórí tábìlì, wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀!" Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó ń fìka ka ọjọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ta ló ní kí wọ́n máa ka ìwé oníwèé? Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa dá sí i o.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn wá la ti ń ka oyún. Ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin, ta ló rí i? Bí nǹkan oṣù bá ń wá ní ọjọ́ 28-28, nǹkan bí ọjọ́ 14 ni ẹyin ń jáde. Torí náà, nínú ọ̀sẹ̀ 40 tí gbogbo wa ń kà, 2 àkọ́kọ́ ò ní oyún kankan nínú. Ẹ yọ 2 kúrò nínú 6, ẹ wo ibi tó bọ́ sí. Ṣé wọ́n fi ọkàn ọmọ hàn yín?

Ìyàwó Tuntun: Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọ ò ju hóró ìrẹsì lọ, ọkàn ẹ̀ sì ń lù kìkì.

Bàbá Àkàndé: Àbí ẹ̀rọ ló ṣì í kà?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Rárá sà. Skáànù ìbẹ̀rẹ̀ oyún kì í sábà fi ju ọjọ́ 5 sí 7 yàtọ̀. Àǹtí, ṣé ẹ ń lo folic acid, fítámì tó ń ran ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lọ́wọ́? Máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, títí di ọ̀sẹ̀ 12. Àsìkò yìí gan-an ni ibi tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń pa ẹnu dé. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 10, gbogbo ẹ̀yà ara tó ṣe kókó ti wà níbẹ̀, ó ku kí wọ́n dàgbà. Àgbo tẹ́nì kan bá gbé wá, ẹ má mu ún láìbi wá.

Ìyá Ìbejì: Ọlẹ̀ ò ní tètè sọ o, bó bá jẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Má jẹ́ kí ìyẹn náà tún dìjà.

Bàbá Àkàndé: Mú ọkọ ẹ lọ sí kíníìkì, kó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn fúnra ẹ̀.

Ìyàwó Tuntun: Ó ti ka gbogbo ẹ̀ lórí fóònù mi. Ó ní ìgbà wo lọmọ máa dé?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Bí ọ̀sẹ̀ 34 sí i. Kó ti máa tọrọ àyè níbi iṣẹ́.