Láti Lagos dé Atlanta, ṣé wákàtí 7 ni àbí 12? Ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìsánlú, Houston: Òkun o, mo kí yín o, ẹ̀yin ará ilé Kogi. Màámi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ò wọ bàálù rí láyé wọn. Wọ́n á gbéra ní Lagos 11:05 alẹ́, wọ́n á balẹ̀ sí Atlanta 6:10 àárọ̀, bàálù Houston á sì gbéra ní 7:35. Mo kà á, wákàtí 7, Google ní 12. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé àyè àárín méjèèjì á tó arúgbó báyìí? Mi ò rí oorun sùn.

Ìyá Kàbà, Toronto: Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Aago ìlú tí bàálù bá balẹ̀ sí ni wọ́n ń kọ. Atlanta fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn Nàìjíríà báyìí, ìgbà òtútù ló máa ń di 6. Wákàtí 12 náà ni.

Ọmọ Mopa, Atlanta: Ọ̀nà yẹn jìn o, bíi kìlómítà 9,400. Atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ níbí ó ń kọjú ìjà sí bàálù, tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ó ń tì í lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí àtilọ sílé fi máa ń yá díẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé Atlanta níbí ni Màmá á ti rí ìmígíréṣọ̀n, wọ́n á gbẹ́rù, wọ́n á tún kó o fún àwọn oníbàálù Houston. Béèrè wheelchair fún wọn lónìí, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, Manchester: Kó o tó wo aago, wo déètì! 12:20 òru ọjọ́ 14 ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì bàbá mi, alẹ́ ọjọ́ 14 la gbé wọn dé Ìkẹjà, bàálù ti lọ láti òru mọ́jú. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo rà, owó ilé ló bá a lọ.

Ọmọ Ìyàrá, Houston: Ẹ má bínú o ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Aago 12 bá ti lù, ọjọ́ ti yí.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, Manchester: Ọjọ́ wo ló yí? Nílé wa, ta ló ń ka òru mọ́ ọ̀la kí àkùkọ tó kọ? Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé bàbá àgbà ló ń rìn, ó yẹ kó sọ.

Ìyá Kàbà, Toronto: Ó yẹ kó sọ lóòótọ́. Èmi kì í dárúkọ déètì fún àgbàlagbà rárá, "Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè kẹ́ ẹ wà ní ẹ́ápọ́ọ̀tù," ó parí.

Ọmọ Ìyàrá, Houston: Ẹni tó ra á ló yẹ kó lajú.

Ọmọ Mopa, Atlanta: Ẹ̀ ń jà lórí òfúrufú, ilẹ̀ ńkọ́? Kí Màmá má kúrò ní Ìsánlú lọ́jọ́ tí wọ́n máa fò o, kí wọ́n lọ sùn sí Lagos.

Ìyá Kàbà, Toronto: Ká ní Abuja ni ẹ rà ni, ẹ gba Kàbà sí Lọ́kọ́ja, ó tán.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, Manchester: Pẹ̀lú tírélà sìmẹ́ǹtì ọ̀nà Ọ̀bájáná? Ìlọrin ló sún mọ́ wa, bàálù wà níbẹ̀ tó ń lọ Lagos. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà lẹ tiẹ̀ fìyà jẹ ara yín, London sí Lagos ò ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ.

Ọmọ Ìyàrá, Houston: Ẹ máa sún mọ́lé nínú òjò yín. Oòrùn Houston ń mú bíi ti Lọ́kọ́ja, ewédú ń hù lẹ́yìn ilé mi!

Ọmọ Ìsánlú, Houston: 7:35 yẹn ńkọ́?

Ọmọ Ògìdì, Calgary: Kí Màmá má di ẹran ìgbẹ́ sínú ẹrù o, wọ́n á gbà á. Ewédú lẹ tiẹ̀ ń sọ, iṣu ló ń pa èmi. Wọn ò ní pẹ́ ṣọdún iṣu tuntun nílé, òtútù ò sì jẹ́ ká gbin iṣu níbí.

Ìyá Kàbà, Toronto: Yé sọ̀rọ̀ iṣu, mo wà níbi iṣẹ́, omi ti ń bọ́ lójú mi.