Ẹni tí ó ń kó lọ sí Kumamoto: ṣé dandan ni kí a máa ra omi inú ike?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi rí iṣẹ́ sí Kumamoto, ìlú kan ní gúúsù Japan, a ó sì kó kúrò ní Tókíò láìpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣeé mu?

Alàgbà Kúnlé: Ẹ kú ìmúra, Ìyá Ìbejì. Ẹ má wulẹ̀ náwó sórí omi inú ike. Àwọn ará ìlú náà lé ní 700,000, síbẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa gbogbo omi ẹ̀rọ wọn pátá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òkè ayọnáyèéfín Aso bú gbàmù gidigidi láàárín nǹkan bí ọdún 270,000 sí 90,000 sẹ́yìn, ohun tí ó sì tú jáde ló di ilẹ̀ tí ń sẹ́ omi òjò bí asẹ́ kí ó tó dé inú kànga.

Ohun tí àlejò kì í tètè mọ̀ ni pé àwọn àgbẹ̀ ní ọwọ́ nínú omi náà. Láti ayé Kato Kiyomasa, jagunjagun tí ó gba àkóso ibẹ̀ ní 1588, ni wọ́n ti ń darí omi odò Shirakawa wọ oko ìrẹsì ní apá Ozu àti Kikuyo, àwọn ìlú kéékèèké tí kò jìnnà sí Kumamoto, níbi tí ilẹ̀ ti ń mu omi ju ti ibòmíràn lọ fíìfíì. Nígbà tí oko ìrẹsì dín kù, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn, ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn àgbẹ̀ ní 2004 kí wọ́n máa fi omi bo oko tí wọn kò gbin ìrẹsì sí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí oko tí omi bò láìsí ohun ọ̀gbìn kankan níbẹ̀, ẹ má pè é ní àgbàrá. Omi tí ẹ ó mu lọ́jọ́ iwájú ni. Ìrẹsì apá ibẹ̀ ni èmi máa ń rà, torí mo gbà pé ẹni tí ó bá ń mu omi náà yẹ kí ó ra ìrẹsì rẹ̀.

Àbẹ̀ní: Òótọ́ ni Alàgbà sọ, àmọ́ ẹ tọ́jú omi díẹ̀ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní oṣù Kẹrin 2016, omi kànga dà rú, ẹ̀rọ sì dákẹ́ jákèjádò ìlú. Líta mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ni ìjọba Japan ń gba aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n ní nílé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Ìsun omi Shirakawa ní Minamiaso, abúlé tó wà lẹ́bàá òkè Aso, ńkọ́? Ṣé a lè pọn ọ́n?

Alàgbà Kúnlé: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé ike yín dání. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60 ló ń sun jáde ní ìṣẹ́jú kan, ó sì tutù ní ìwọ̀n 14 °C láti ọdún dé ọdún. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà fún ìtọ́jú ibẹ̀. Ojúbọ wà létí omi náà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.