Ohùn Àlàájà, gángan àti ariwo jẹnẹrétọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa compressor, ohun èlò tó ń tẹ ohùn tó bá ga jù mọ́lẹ̀ nínú orin, torí pé àwọn oníwákà Ìlọrin ló là mí lójú sí i.

Àlàájà kan gbé iṣẹ́ wá sí sítúdíò wa ní Tankẹ. Wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀ níbòmíràn, ìlù ló kù ká fi sí i, ká wá mix rẹ̀, ìyẹn ni pé ká da ohùn àti ìlù pọ̀ kó dọ́gba. Mo fi hẹ́dífóònù sétí. Bí Àlàájà bá ti dákẹ́ láti mí, gùùùù, jẹnẹrétọ̀ yóò yọ. Bí wọ́n bá tún lanu, yóò lọ sá pamọ́. Gùùùù, orin, gùùùù, orin. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ti fi compressor tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀ gidi kó tó wọnú kọ̀ǹpútà, ó wá fi makeup gain gbé gbogbo rẹ̀ sókè.

Ìṣirò ibẹ̀ ò le. dB la fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó; threshold ni ààlà tí compressor ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; ratio ló ń sọ bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tó. Tí ratio bá jẹ́ 4:1, ohùn tó fi 8 dB kọjá threshold, 2 dB péré ni yóò fi kọjá. 6 dB ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá fi makeup dá 6 dB yẹn padà, gbogbo ohun tó rẹlẹ̀, tí compressor ò fọwọ́ kàn rárá, yóò bá a fi 6 dB gòkè: mímí, jẹnẹrétọ̀, àkùkọ aládùúgbò. Kò sì sí bọ́tìnì tó ń tú u lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo ní ká tún un gbà. Inú Àlàájà ò kọ́kọ́ dùn, owó ti lọ lọ́hùn-ún. Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a pa jẹnẹrétọ̀, a tan inverter. 24-bit ni mo fi gbà á, kí ohùn tó rẹlẹ̀ náà lè mọ́ kedere; ibi tí ohùn ti ga jù ò kọjá nǹkan bí -10 dB (0 ni òkè pátápátá nínú kọ̀ǹpútà), mi ò sì fi compressor kankan sójú ọ̀nà. Ohun tó wú mi lórí ni pé Àlàájà fúnra wọn mọ iṣẹ́ náà. Tí wọ́n bá fẹ́ ké, wọ́n á ti fa orí sẹ́yìn kúrò lẹ́nu maìkì, bí wọ́n ṣe ń ṣe lóde ìnáwó. Tó bá kan ibi tí wọ́n ti ń rọra ki èèyàn, wọ́n á tún sún mọ́ ọn.

Nínú mix, compressor méjì ni mo tò tẹ̀ léra. Orúkọ àwọn compressor àtijọ́ tó lókìkí ni 1176 àti LA-2A. Àkọ́kọ́, irú 1176, yára, ó ń gé ibi tó bá ta sókè lójijì, 2 sí 3 dB péré. Èkejì, irú LA-2A, ló ń rọra tẹ ìyókù (nínú ojúlówó rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ náà, kì í kánjú). Ó sàn kí méjì pín ẹrù yẹn ju kí ẹyọ kan dá a rù lọ, wallahi.

Gángan ò gba irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí attack, àkókò tí compressor fi ń dìde sí iṣẹ́, wà ní 1 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), compressor ń dì í mú gẹ́lẹ́ tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ. Bàbá onílù gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ìlù mi ń kólòlò." Mo sún un dé nǹkan bí 30 ms, ọ̀rọ̀ ìlù sì já gaara.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà lèmi wà. Oníbàárà tèmi fẹ́ kí orin òun pariwo ju ti gbogbo ayé lọ. Mo ṣe é ní oríṣi méjì fún un: ọ̀kan tí mo tẹ̀ pa, ọ̀kan tó ń mí. Tí èèyàn ò bá yí ètò rẹ̀ padà, Spotify ń fa gbogbo orin wá sí nǹkan bí -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo sí létí), nítorí náà mo mú ìró méjèèjì dọ́gba bẹ́ẹ̀, mo ní kó gbọ́. Ló bá ń bi mí pé ta ló fi tìmùtìmù bo ìlù inú èkíní. Èyí tó ń mí ló gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkíní ṣì wà nínú mọ́tò rẹ̀, ó ní òun ò lè pa á rẹ́.