Táblẹ́ẹ̀tì mi tẹ̀ nínú dáńfó, ẹ sọ tiyín

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ń ka ìtàn táblẹ́ẹ̀tì yín tó bàjẹ́ níbí láti ọjọ́ yìí, ó wá kàn mí.

Aṣọ ni mò ń rán, ní Ìdúmọ̀tà. Táblẹ́ẹ̀tì olówó ńlá ni mo rà (ẹ má bi mí ní iye rẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi náà ń wo ibí yìí). Torí gègé tí wọ́n fi ń yàwòrán lé e ni mo ṣe rà á: bí oníbàárà bá jókòó, màá ya sítáì níṣojú rẹ̀, kò ní lè sọ lọ́jọ́ òde pé ohun tí òun ní kí n rán kọ́ nìyí.

Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, nínípọn rẹ̀ kò tó mìlímítà 6. Ó wù mí débi pé n ò ra àpò fún un.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo wọ dáńfó l'Óyíngbò. Ẹ sáà mọ̀ ọ́n, ẹni mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan. Báàgì mi wà láàárín orúnkún mi àti irin àga iwájú, bàbá kan tó gbé ẹrù òkìrìkà sì jókòó tì mí. Gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá ti tẹ búréèkì lórí afárá Carter, bàbá àti ẹrù á rọ́ lù mí. N ò gbọ́ kí nǹkan kan dún.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e lé tábìlì tí mo fi ń géṣọ, ó ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo fi rúlà onígi lé e lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín. Mo ki igba náírà bọ abẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀hún jáde. Ojú rẹ̀ ò sán o! Ó tàn, ó ń ṣiṣẹ́. Ó kàn tẹ̀ ni, níbi ihò tí wọ́n lu sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún máìkì gẹ́lẹ́.

Mo gbé e lọ sí Computer Village, n'Íkẹjà. Mo fẹ́ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ padà, ni ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe bá pariwo: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Bátìrì ló kún inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ká a, ó lè gbiná." Ó ní bí wọ́n bá dín nínípọn irin pẹlẹbẹ kù sí ìdajì, agbára tí kì í jẹ́ kó tẹ̀ á kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Èmi tí mò ń fi sítéè, aṣọ líle yẹn, sọ́rùn aṣọ lójoojúmọ́ kó má baà tẹ̀! Àwọn tó tà á ní wàrántì ò kan títẹ̀.

Ará Ìkòròdú: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Samsung Galaxy Tab S9 ni tèmi, ti 2023. Òjò pa á nínú ọkọ̀ ojú omi títí a fi dé CMS, mo nù ún, ó ń bá iṣẹ́ lọ. IP68 ni, ìyẹn àmì pé eruku àti omi ò lè tètè wọ inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n fi dán an wò, tó jìn tó mítà 1.5, fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má torí ẹ̀ jù ú sínú ọ̀sà o.

Tíṣà, Súrùlérè: Tèmi ò tẹ̀, wíwú ló wú. Nítorí iná tó ń ṣe ségesège, orí ṣájà ló máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ ń gbéra kúrò lára páànù bí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà. Ooru ti ba bátìrì jẹ́. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Tíṣà, ẹ gbé e jáde nílé lónìí, ẹ jọ̀ọ́! Tèmi ṣì wà lórí tábìlì. Mo ki àjákù aṣọ sábẹ́ igun tó gbé sókè, mò ń yàwòrán lọ. Bí mo bá fẹ́ wọ dáńfó, àárín pátákó méjì ni mò ń dì í sí.