Ṣé ọmọdé ni Harry Potter wà fún ni, àbí àgbà?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, ti wo méjì àkọ́kọ́ nínú fíìmù Harry Potter, ó sì fẹ́ràn wọn gan-an. Ó fẹ́ wo mẹ́fà tó kù, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Bí Harry ṣe ń dàgbà ni ìtàn náà ń le sí i. Nínú ìkẹrin, tó jáde ní 2005, wọ́n pa ọmọ ilé-ìwé kan, bàbá rẹ̀ sì ń ké lórí òkú rẹ̀. Èmi àgbà gan-an sunkún! Òun náà ni àkọ́kọ́ nínú wọn tí wọ́n fún ní PG-13 ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àmì tó ń kìlọ̀ fún òbí pé àwọn nǹkan kan nínú fíìmù náà lè má yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jọ wò ó pẹ̀lú ọmọ, èwo lẹ ti dá a dúró?